Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú Ni A Ti Ń Ṣọ́ Adìẹ

Ọmọ mi, láàárọ̀ òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta, o gbé òkú ọmọ adìẹ méjì wá sẹ́nu ọ̀nà mi nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. O dọ̀bálẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí." Méjìlá lo rà, Noiler ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, márùn-ún sì ti lọ lóru ẹyọ kan. O ní akátá ni. O ní o ń lọ ra tọ́ọ̀ṣì ńlá, pé láti alẹ́ òní lọ, o máa gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, o máa jókòó tì wọ́n tòun ti igi lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ ọ nínú, mo rí i, ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ kí o sọ ọ́.

N kò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Aago mẹ́wàá alẹ́ la ń wọlé, aago mẹ́fà àárọ̀ la ń jáde. Àwọn ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì wọn tóbi ju èyí tó o fẹ́ lọ rà lọ, síbẹ̀ ẹrù ń sọnù. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, fèrèsé kan ló wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn ará ọ̀sán máa ń gbàgbé láti tì kí wọ́n tó lọ. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la ti ń gba olè láyè. Aago méjì òru ló kàn ń wá gbẹ́rù tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbà pé òru ni a ń ṣọ́ nǹkan.

Àwọn baba wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ó dáa fún ẹni tó ń gbé etí igbó. Ní Aláúsá yìí, akátá wo lo fẹ́ lé? Lọ́dún 1976 tí wọ́n sọ Ìkẹjà di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, igbó ṣì ń bẹ tí a lè tọ́ka sí. Lónìí, láti Agídíngbì dé Orégùn, láti Ọ̀gbà dé Agége, ilé ló kan ilé, ọgbà ilé iṣẹ́ ló kan ọgbà ilé iṣẹ́. Àwọn tó jogún iṣẹ́ akátá kò bèèrè igbó. Inú gọ́tà ni wọ́n ń sùn, orí páànù ni wọ́n ń rìn, ìdọ̀tí wa ni wọ́n ń jẹ. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ìdọ̀tí ò wọ́n wa: àkìtàn Olúṣòsùn tó ti wà láti 1992 kò jìnnà sí wa, odò Ìyá Aláró sì ń gbé ti ilé àti ti ilé iṣẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orégùn lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo ní kó o tú náílọ́ọ̀nù yẹn, òkú ni mo fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Òkú adìẹ máa ń rojọ́ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lórí, ara wọn sì pé. O ní ẹ̀bá nẹ́ẹ̀tì lo ti rí wọn. Ẹranko tó bá wọlé tán kì í sábà jẹ orí nìkan kó fi ẹran sílẹ̀. Ìta lẹni yẹn wà. Ológbò ni: ó ti ọwọ́ bọ ihò nẹ́ẹ̀tì, ó fi èékánná fa orí èyí tó sùn sún mọ́ ọn, ó já a, kò sì rí ìyókù fà jáde. Nẹ́ẹ̀tì tó o rà yẹn, tí ihò rẹ̀ gba ọmọ ìka méjì, kí adìẹ má baà jáde ló wà fún. Kò sẹ́ni tó ṣe é nítorí ohun tó fẹ́ wọlé.

Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Kò sí ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́ ò pọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọ dé ẹ̀yìnkùlé, mo rí erùpẹ̀ tútù lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ pákó tó wà níbẹ̀, àti ihò kan tó gba ìkúùkù mi. Òkété nìyẹn. Ó gbẹ́lẹ̀ wọlé, ó sì ń wọ́ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ọ̀daràn méjì ló wá lóru kan náà, ọ̀kan láti òkè ilẹ̀, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ká ní o jókòó sórí àga rẹ pẹ̀lú igi, èwo lo fẹ́ dojú kọ nínú wọn?

Olúkúlùkù ló ní àmì tirẹ̀, kí o sì mọ̀ wọ́n. Eku ilé kì í sábà gbé adìẹ tó ti dàgbà. Ẹsẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ nígbà tó bá ń sùn. Tó o bá rí adìẹ tó ń tiro láàárọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, yẹ ìdí ògiri wò kí o tó lọ ra oògùn. Ejò kì í dọ̀tí ilé: ọmọ adìẹ kan dín, ẹyin méjì dín, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ikùn rẹ̀ á ti wú débi pé ihò tó bá wọlé kò gbà á mọ́. Ajá a máa pa wọ́n nípakúpa láì jẹ ọ̀kan, eré ló ń bá wọn ṣe. Ìjàlọ tó bá ya wọlé nígbà òjò, adìẹ tó ń sàba ló ń jìyà jù, nítorí kò ní dìde lórí ẹyin rẹ̀ sá lọ. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn lọ lóru, tí ìyẹ́ kan ò bọ́ sílẹ̀, tí ẹni náà sì tún ti ilẹ̀kùn padà wẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn.

Ohun tó mú iṣẹ́ gbogbo wọn rọrùn ni pé adìẹ kì í ríran lókùnkùn. Ilẹ̀ tó bá ti ṣú bá a níbì kan, ibẹ̀ ló máa lúgọ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọwọ́ lásán mú un lóru ọdún, láì lé e yí ilé po. Ohun tó bá rọ àwa lọ́rùn níbẹ̀, ó rọ ológbò náà lọ́rùn.

Ó yá, ta ló pè wọ́n wá? Mo rí abọ́ oúnjẹ nínú ilé adìẹ yẹn láàárọ̀ yìí, ìdajì oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ìyókù ti fọ́n ká sórí ẹrẹ̀. O ní o ń fi sílẹ̀ fún wọn kí ebi má baà pa wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ mi, adìẹ tí kò ríran kì í jẹun. Oúnjẹ tó bá ku sínú abọ́ lẹ́yìn aago méje alẹ́, ti àlejò ni. Àpò oúnjẹ yẹn náà sì wà ní ìdúró lábẹ́ òrùlé, wọ́n ti fi eyín lu igun rẹ̀. Eku ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ìpè. Nígbà tí eku bá pọ̀, ejò á tọ̀ ọ́ wá, ológbò á tọ̀ ọ́ wá. Àwọn yẹn kò mọ̀ pé o ń sin adìẹ rárá. Eku ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ, wọ́n wá bá ẹran tó rọ̀ jù ú lọ.

Bóyá o rò pé oúnjẹ díẹ̀ yẹn kò tó nǹkan tí òkété lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní Tanzania, àjọ kan wà tó ń jẹ́ APOPO, ìbátan òkété tiwa yìí ni wọ́n ń kọ́ láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí ogun rì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa lorúkọ rẹ̀, ṣiṣẹ́ ní Cambodia, bọ́ǹbù àti ohun ìjà tó ju 100 lọ ló bá wọn rí, àjọ kan ní ìlú ọba sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà lọ́dún 2020. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ààrò ni òkété ti ń gba àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n imú kan náà ni. Imú tó ń gbóòórùn bọ́ǹbù nínú ilẹ̀, àgbàdo lílọ̀ tó wà nínú abọ́ ni o fẹ́ fi pamọ́ fún un?

Ti eku ilé tún le jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba. Ọjọ́ 21 sí 23 ni eku fi ń lóyún, ó lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní sinmi kó tó tún lóyún òmíràn. Bó o ṣe ń ka ọjọ́ tí ẹyin máa pa, òun náà ń ka tirẹ̀ lábẹ́ ògiri kan náà, orí oúnjẹ rẹ ló sì ń kà á lé.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ. Ní Èkó, ilẹ̀ kì í ṣú ṣáájú aago mẹ́fà ààbọ̀, kì í sì í pẹ́ kọjá aago méje àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí wákàtí yẹn tó dé, gbé abọ́ oúnjẹ kúrò, gbá ohun tó dà sílẹ̀, kí o sì da oúnjẹ tó kù sínú dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ọmọrí. Dúrọ́ọ̀mù ni mo wí. Báàgì nínú báàgì kò lè dí eku lọ́wọ́, ike náà kì í dúró fún eyín rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n adìẹ ò sí nínú èèwọ̀ yẹn. Ìyá mi kò ní nẹ́ẹ̀tì, kò ní sìmẹ́ǹtì. Àgò ló ní, ó ń kó wọn sínú rẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá ń pọ́n, á gbé òkúta lé e lórí, á gbé e wọ ilé ìdáná. Ojoojúmọ́ ló ń kà wọ́n kó tó gbé òkúta yẹn. Tí ọ̀kan bá dín lónìí, ó mọ̀ lónìí, a ó sì wá a kí òkùnkùn tó kùn. Ìwọ, tí mo bá bi ọ́ pé mélòó ló wọlé nírọ̀lẹ́ àná, ṣé o mọ̀ ọ́n? O kàn gbà pé méjìlá ni, nítorí méjìlá lo rà.

Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ dábàá ọ̀tápíápíá, pé kí ẹ pò ó mọ́ edé kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Irú ohun tí ẹ fẹ́ lò yẹn ni àjọ NAFDAC fòfin de títa rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké lọ́dún 2019, nítorí jàǹbá tó ń ṣe fún ènìyàn. Eku tó bá jẹ ẹ́ lè má kú síbi tó ti jẹ ẹ́. Ó lè jáde sí gbangba, adìẹ á sì ṣá òkú rẹ̀ jẹ, nítorí adìẹ kì í yan oúnjẹ jẹ. Ológbò aládùúgbò tó bá sì kú sí ẹ̀yìnkùlé yín, ìjà tí kò ní í tán nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta sì tún wà nínú ilé yín. Pàkúté ni kí o dẹ, sínú àpótí tó ní ihò tí eku gbà tí adìẹ kò gbà, lẹ́bàá ògiri tí wọ́n ń gbà kọjá. Tó bá mú, má fọwọ́ lásán gbá òkú rẹ̀ mú. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, eku ló ń gbé e kiri, a ò sì lè fojú wo eku kan kí a mọ̀ bóyá èyí ló gbé e.

Ti ilé gan-an wá kù. O sọ pé o fẹ́ kan páànù mọ́ ọn yípo, kí ẹnikẹ́ni má ríhò. Ooru Ìkẹjà yìí á se wọ́n jinná kí ológbò tó dé, òórùn ìgbẹ́ wọn á sì dí wọn léèémí. Adìẹ nílò afẹ́fẹ́ bíi tìẹ. Bùlọ́ọ̀kù ni kó o fi gbé ìsàlẹ̀ dé orúnkún rẹ, kí òkè jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn, tí wọ́n fi iná jó pọ̀, tí ihò rẹ̀ kò gba ọmọńdinrín ọwọ́ rẹ. Ọmọ eku ń gba ihò tó kéré ju bó o ṣe rò lọ: tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ara á tẹ̀lé e. Ó wọ́n ju èyí tó o rà lọ, mo mọ̀. Má ra tọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́, fi owó rẹ̀ kún un.

Ilẹ̀ ló yẹ kí o ná owó lé jù. Tí agbára rẹ bá ká kọnkéré, dà á. Tí kò bá ká a, tẹ́ irú nẹ́ẹ̀tì yẹn sí abẹ́ ilẹ̀ pátá, kí o kó erùpẹ̀ àti pàǹtí igi lé e. Tàbí kí o tẹ́ ẹ yí ilé po níta, kó fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí o bu ilẹ̀ bò ó. Òkété kì í dá ìṣirò ṣe: ẹsẹ̀ ògiri gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Tí èékánná rẹ̀ bá kan irin níbẹ̀, kì í rò pé kí òun sún sẹ́yìn kí òun tún gbẹ́ ẹ.

Gbé igi ìsùn sí àárín, kó jìnnà sí nẹ́ẹ̀tì lápá gbogbo ju ọwọ́ ológbò lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì mọ igi í gùn, inú àpótí ni kí wọ́n sùn nínú ilé náà, kó jẹ́ ilé nínú ilé. Tó bá jẹ́ kéèjì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lo ní, ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo, kí o bu ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọlọ́kọ̀ sí i. Ìjàlọ kò ní kọjá. Ṣùgbọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ewé kan ṣoṣo tó bá já lulẹ̀ tó fara ti kéèjì, afárá ló di fún wọn.

Ilẹ̀kùn rẹ kò ní ju ìkọ́ kan lọ, ìkọ́ yẹn sì ti rọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ̀rọ̀ ẹranko kan, raccoon, tó ń fọwọ́ ṣí ìkọ́. Kò sí raccoon ní Aláúsá, àmọ́ àwọn tó lọ́wọ́ ìka márùn-ún pọ̀ yanturu lọ́sẹ̀ ọdún. Ra àgádágodo. Má fi ilé adìẹ sí ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti máa bo igbe wọn mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bó o ṣe ṣe é yìí. Ẹnìkan lè gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o ra awó, pé ó ń kígbe tí àlejò bá dé. Òótọ́ ni. Ó tún ń kígbe tí àlejò ò dé, kò sì sí onílé Èkó tó lè fara dà á.

Nípa ejò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó rẹ lórí kẹrosíìnì tàbí áyù tí a ń wọ́n yí ilé ká. Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́, ejò tí ebi ń pa sì ń kọjá lórí rẹ̀. Gé koríko, kó bùlọ́ọ̀kù àti pákó tí kò ṣiṣẹ́ kúrò lẹ́bàá ògiri, lé eku. Má ki ọwọ́ bọ ìtẹ́ láti kó ẹyin ní ìdájí láì fi iná fóònù rẹ wò ó, mo mọ ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan ara tútù. Tí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má so ó pinpin, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ń tutọ́ oró síni lójú ni, omi tó mọ́, tó pọ̀, ni kí ẹ máa dà sójú náà, kì í ṣe wàrà, kì í ṣe ìtọ̀, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí.

Lọ́la, lẹ́yìn tó o bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ní nǹkan bí aago méjìlá tí oòrùn bá wà láàárín orí, wá pè mí. Ìwọ lo máa wọ inú ilé adìẹ náà, ẹ̀yìn mi ò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́. N óò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, n óò gbé àpò bo nẹ́ẹ̀tì kó ṣókùnkùn. Jókòó sílẹ̀ bí adìẹ, má sọ̀rọ̀, jẹ́ kí ojú rẹ mọ òkùnkùn náà lára. Ibi gbogbo tó o bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ti igi ìgbálẹ̀ bọ ibẹ̀ kí n rí i níta. Èmi á máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tètè wo ìdí ilẹ̀kùn àti ibi tí pákó ti pàdé ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń wà. Ra ìdajì báàgì sìmẹ́ǹtì bọ̀, má ra odidi, á dì mọ́ ọ lọ́wọ́.

Fún alẹ́ òní, ìyàwó mi ti kó àwọn tó kù sínú páálí sí ilé ìdáná wa. Méje ni. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.